IPPIS lójú òṣìṣẹ́ ọba ní Àgbádárìgì: ibi tó ti gbámúṣé àti ibi tó kù sí

Àgbádárìgì, níbi tí ASCON, iléẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ọba ní ètò ìṣàkóso, wà ní Tòpò, kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ IPPIS, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, máa ṣàjèjì sí. Oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìsanwó-oṣù yìí, ọ́fíìsì Akáǹtáǹtì-Àgbà ló sì ń darí rẹ̀. IPPIS ló ń san owó àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìwọlé-wọ̀de tó wà ní bodè Sèmè. Owó tíṣà ilé ìwé ìpínlẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ káńsù kò bá ibẹ̀ kọjá. Èkó ní ètò tirẹ̀.

Iṣẹ́ tó ṣe jù ni pé ó mú alágbàpín kúrò láàárín. Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń gba àpapọ̀ owó oṣù àwọn ènìyàn rẹ̀, òun náà ló ń pín in, ẹni tó ti kú sì lè máa gbowó lọ. Ní báyìí, tààrà ló ń lọ sí àkáǹtì. Kí orúkọ tó wọlé, òṣìṣẹ́ á mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ wá, ìwé ìgbéga tó gbà kẹ́yìn, ìwé ọjọ́ ìbí, BVN, NIN àti nọ́ńbà RSA tó fi ń dá owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, á sì tẹ ìka sórí ẹ̀rọ. Bí BVN kan bá yọ lábẹ́ orúkọ méjì, àṣírí tú nìyẹn.

Orúkọ ló sábà máa ń fa ìdíwọ́. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba iṣẹ́, tó wá fi orúkọ ọkọ ṣí àkáǹtì, owó rẹ̀ lè dúró. Kó kọ́kọ́ búra ní kóòtù, kó polówó àyípadà náà nínú ìwé ìròyìn, kó tún ti báńkì ṣe, lẹ́yìn náà ni kó kó ìwé fún ẹni tó ń bójú tó IPPIS níbi iṣẹ́. Bó bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá ìwé padà fún un. Ìgbéga náà ní wàhálà tirẹ̀: owó ìpele tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó sì ń dunni gan-an.

Àmọ́ ẹni tó bá ní kí IPPIS dí àlàfo ètò ìsúná ti di ẹrù tó ju orí rẹ̀ lọ lé e. IPPIS mọ̀ pé ènìyàn wà. Kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà fún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti rìnrìn àjò sókè òkun, tí wọ́n ṣì ń gba owó oṣù, dá owó náà padà. Ènìyàn gidi ni wọ́n, BVN wọn sì pé.

Iye àjọ ni kókó. Ìgbìmọ̀ tí Stephen Oronsaye darí láti yẹ àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ wò ka àjọ 541 nínú ìròyìn tó fi sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ó sì ní kí àwọn 263 tí òfin dá sílẹ̀ di 161. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i kí wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lò. Nínú ètò ìsúná ₦28.7 tírílíọ̀nù ọdún 2024, àlàfo, ìyẹn iye tí ìnáwó fi ju owó tó ń wọlé lọ, jẹ́ nǹkan bíi ₦9.18 tírílíọ̀nù, gbèsè sísan nìkan sì fẹ́ gba ₦8.27 tírílíọ̀nù. Nílé níbí náà, òfin ilẹ̀ wa mọ káńsù Àgbádárìgì nìkan. Láti ọdún 2003, Badagry West àti Olorunda, káńsù ìdàgbàsókè (LCDA) tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, ti kún un. Alága mẹ́ta, ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó lè dín ìyẹn kù.

Fún ìsanwó, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún dídín ìnáwó ìjọba kù, méjì péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ yẹ ìwé owó oṣù yín wò lóṣooṣù: owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ 8% àpapọ̀ owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀, NHF, owó àjọ ilé gbígbé, sì jẹ́ 2.5% owó ìpìlẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ pẹ̀lú, torí ọgọ́ta ọdún láyé tàbí márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni wọ́n fi ń fẹ̀yìn ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọba tì.