Àpótí àtíkè tí wọ́n fi ń sọ ọ̀dọ́ di arúgbó lórí ìtàgé: ohun tí ojú mi rí

“Ṣé ìyá àgbà ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe fún mi àbí òkú?” Ọ̀rọ̀ tí olùdarí wa sọ sí mi nìyẹn níwájú gbogbo òṣèré, ní Gbọ̀ngàn Àṣà tó wà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, lálẹ́ tó ṣáájú eré wa. Ọmọbìnrin tí mo kun ojú fún kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ẹni 80 ọdún ló fẹ́ ṣe. Bí iná ìtàgé ṣe bà á lójú, gbogbo ibi tí mo fi àwọ̀ eérú inú àpótí yìí sí, abẹ́ ojú, kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ imú, ló funfun bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Ọmọ náà rí fọ́tò ara rẹ̀ lórí fóònù ẹnì kan, ó bú sẹ́kún.

Bí ìwé inú àpótí ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Àwọn tó po àwọ̀ náà, awọ òyìnbó ló wà lọ́kàn wọn. Lára awọ funfun, eérú máa ń ṣe bí òjìji, á jẹ́ kí ibẹ̀ dà bíi pé ó jìn wọnú. Lára awọ dúdú, eérú mọ́lẹ̀ ju awọ lọ, nítorí náà ibi tó yẹ kó jìn ló máa yọ síta. Ẹni tó ń ta irú nǹkan yìí fún wa, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀?

Mo pe ilé ìtajà tí mo ti rà á l'Ékòó. Ọkùnrin ló gbé e. Mo ṣàlàyé, ó ní, “Màdáàmù, ohun tí wọ́n ń lò lókè òkun nìyẹn.” Mo ní ṣé wọ́n lè fi búráùn pààrọ̀ eérú náà fún mi, ó ní ọjà tí wọ́n bá ti ṣí, àwọn kì í gbà á padà. Mo ní kó fún mi ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ sí i, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Èmi tí mo ti ń kun ojú òṣèré láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge!

Kò pẹ́ ni nọ́ńbà mìíràn pè mí. Ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn ta ọjà ni, owó ìpè ara rẹ̀ ló fi pè. “Ẹ má bínú mà. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ẹ gbé eérú yẹn tì mà.” Ó ní kí n wá búráùn tó ṣú, tó ní pupa díẹ̀ nínú, fún ibi tó jìn, kí n wá pańkéèkì tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju awọ ọmọ náà lọ fún ibi tí egungun ti yọ. “Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kó tún fajú ro mà. Ibi tí awọ bá ti ká fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fa ilà sí.” Kò kánjú rárá. Ó dúró tì mí lórí fóònù títí mo fi kun ẹ̀gbẹ́ kan tán.

Òun náà ló jẹ́ kí n mọ iyì rọ́bà olómi inú àpótí náà, èyí tó ń mú kí awọ hunjọ, tí mo ti fẹ́ bínú sọ nù. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí abẹ́ apá òṣèré, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á yún un, torí rọ́bà kì í bá ara ẹlòmíràn mu. Ẹ fi Vaseline pa irun òkè ojú kó má baà fà á tu. Kí ẹnì kan na awọ náà, kí ẹnì kejì fi fóòmù tẹ rọ́bà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi dráyà gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì bu àtíkè sí i kẹ́ ẹ tó fi awọ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Bí mo ṣe fi awọ sílẹ̀ báyìí, abẹ́ ojú ọmọ náà hunjọ wẹ́wẹ́, èmi fúnra mi pariwo. Mo ṣe é sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ojú arúgbó àti ọwọ́ ọmọge kò bára mu. Igun ẹnu nìkan ló ń ṣí nígbà tí òógùn dé. Àwọ̀ lásán ló dára níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ewú nínú àpótí náà dára, kò gbọ̀n dànù bíi ti àtíkè funfun tí a ń lò tẹ́lẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró àgbọn la fi bọ́ ọ, ara ọmọ náà ò bó.

Lálẹ́ eré, ọmọ náà jáde lọ ra omi láì tíì bọ́ nǹkan kan kúrò lójú. Obìnrin tó ń ta omi dìde lórí àga rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jókòó.” Olùdarí wa wá bẹ̀ mí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ta rọ́bà náà fún yín lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ra búráùn níbòmíràn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin yẹn ló gbé fóònù, ẹ ní kó fún ọmọbìnrin tó ń bá wọn ta ọjà.