Rélùwéè aláwòṣe ńlá: irú ìdọ̀tí àti irú lẹ́tà wo ló tó owó yín?

Àwọn rélùwéè aláwòṣe tó ń sáré lórí irin tí àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 45, irú èyí tí wọ́n fi orúkọ LGB bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì lọ́dún 1968, máa ń dán gbinrin tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n nínú páálí. Ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ jọ ọkọ̀ tó ti fi ogún ọdún ru ẹrù yóò sanwó iṣẹ́ méjì: ìdọ̀tí àtọwọ́dá, àti lẹ́tà tí wọ́n bá a kọ sí i lára. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọkọ̀ yín máa gbé ná. Ṣé inú ọgbà lábẹ́ oòrùn àti òjò ni, àbí orí pẹpẹ?

Tó bá jẹ́ orí pẹpẹ, ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú ni mo fara mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni wọ́n fi ń pa á, kò sì sí ohun tó ń ṣe eruku àti ìpẹtà tó o. Àmọ́ ìka ọwọ́ lásán á nù ún kúrò, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ, àfi tí wọ́n bá fi fáníìṣì tí kì í dán bò ó. Fáníìṣì yẹn náà á sì pa díẹ̀ lára àwọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ inú ọgbà, ẹ sanwó airbrush, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà. Ó wọ́n jù, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tú ọkọ̀ palẹ̀ tàbí kí wọ́n bo gíláàsì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fín ọ̀dà. Ẹ bi oníṣẹ́ bóyá ó bo ojú ẹsẹ̀ tó ń gba iná lára irin. Bí ọ̀dà bá kan ibẹ̀, ọkọ̀ á máa dúró lójijì. Ọ̀dà ṣíṣàn tí wọ́n ń dà sáàárín ojú ìṣó dára, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Àwòrán ojúlówó lẹ fi máa mọ ọ̀jáfáfá. Ẹ wo ẹ́ńjìnì K-27 ti ilé iṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Denver & Rio Grande Western, tí ilé iṣẹ́ Baldwin ṣe 15 rẹ̀ lọ́dún 1903, tí Bachmann, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rélùwéè aláwòṣe, sì ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìwọ̀n 1:20.3 (ojúlówó fi ìlọ́po 20.3 tóbi jù ú lọ). Ẹ́ńjìnì tó ń jẹ èédú ni. Èéfín á dúdú lórí òrùlé rẹ̀, omi líle á fa ìlà funfun sísàlẹ̀ níbi tó ti ń jò, òróró á mú àwọn ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ dán, eruku á sì pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá da ìpẹtà kan náà bo gbogbo rẹ̀ ti rẹ́ yín jẹ.

Ó ku lẹ́tà. Decal, ìyẹn awọ tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí, tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ó sì ń tẹ̀ lé ojú ìṣó. Ojú tó ń dán ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á sì máa kọ yanran. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé kì í ní íǹkì funfun. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà funfun fún ẹ́ńjìnì dúdú fi ń wọ́n. Sítíkà tí ẹ̀rọ gé kò ka òjò sí, ṣùgbọ́n ó nípọn, etí rẹ̀ sì ń hàn tí ẹ bá sún mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ orúkọ Yorùbá lẹ fẹ́, bíi Ọ̀ṣun, decal ni kí ẹ mú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń gé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lára sítíkà. Tí lẹ́tà kò bá ju mílímítà 5 lọ, àmì yẹn kì í tó mílímítà kan, ó sì lè bọ́ nù nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Orí awọ kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà lára decal. Ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ bí àwòrán, kí ẹ sì rí àpẹẹrẹ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ lẹ́tà rélùwéè àtijọ́ kò ní ọ̀ àti ṣ. Ẹ sọ ìwọ̀n ọkọ̀ yín pẹ̀lú: lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 lára ojúlówó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 15 ní 1:20.3, àmọ́ nǹkan bíi 10 ni ní 1:29.

Lẹ́tà ló ń ṣáájú ìdọ̀tí. Lẹ́tà tuntun lára ọkọ̀ ẹlẹ́gbin kò bójú mu rárá, bí oníṣẹ́ méjì bá sì pín iṣẹ́ náà, ẹ rí i pé wọn kò gbé e sódì.

Ẹ má fi ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ṣe é, torí bó ṣe jáde nínú páálí ni àwọn tó ń kó wọn jọ fẹ́ ẹ. Ẹ ra àlòkù tí ara rẹ̀ ti ha díẹ̀. Owó rẹ̀ á rọjú, ìdọ̀tí á sì bo ibi tó ha.