Àpèjọ àwọn aláṣọ òfì ní Òṣogbo: ẹ lọ o, ṣùgbọ́n ẹ má lọ tìtorí òfì

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tí kò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè máa bá tirẹ̀ lọ: tó bá jẹ́ pé òfì híhun lẹ fẹ́ kọ́, ẹ má wulẹ̀ wọ mọ́tò nítorí àpèjọ yìí. Ẹ ò ní kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ máa jókòó sídìí òfì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ya fọ́tò yín, ẹlòmíì á sì ti dúró lẹ́yìn yín tí á máa sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti kàn mí.” Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹ́ irú èèyàn tó máa ń fọwọ́ pa aṣọ lára ẹni kí ẹ tó rántí kí i, tí ẹ sì ní ìbéèrè nípa aró tí ẹnikẹ́ni ò lè dáhùn nílé yín, owó tí ẹ máa san lẹ́nu ọ̀nà ò ní dùn yín rárá.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń ṣe é, ní Sátidé tó kẹ́yìn, ní àgbàlá ilé àtijọ́ kan ní apá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè máa ń wá, àwọn aládìrẹ máa ń wá, àwọn ìyá àgbà tó ṣì ń ran òwú, àwọn ọmọge tó ń ṣe crochet, àti àwọn díẹ̀ tó ń hun ẹní àti agbọ̀n. Kò sí pátákó lójú títì, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń ránṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn aládìrẹ Òṣogbo á débẹ̀. Láti Ọláìyá, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọjà Ọba, kí ẹ wá gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìkéde. Ẹ fi ti aago yẹn sílẹ̀. Aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa tí wọ́n ṣì ń to àga.

₦2,000 ni owó ìwọlé, omi tútù àti ìpápánu wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa aṣọ láró á fi ₦1,500 lé e, wọ́n á sì fún un ní aṣọ funfun kékeré kan tí á mú lọ sílé.

Òfì méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀. Èyí tí gbogbo èèyàn yí ká ni òfì tí ọkùnrin ń jókòó sí, tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí òwú rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ níwájú ahunṣọ títí dé ibi ẹrù òkúta tó dì í mú lórí ilẹ̀. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i ni bàbá tó ń hun ún ń fa òwú yẹn mọ́ra, òkúta á sì máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dùn-ún wò. Àmọ́ àgbàlá tí èrò pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n na òwú sí. Ọmọdé kan kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ewúrẹ́ onílé gba orí rẹ̀ kọjá, kò tiẹ̀ yára, ó ṣe bí ẹni pé àwa la wá bá òun lálejò. Bàbá ò bínú. Ó dáwọ́ ọ̀kọ̀ tó fi ń ju òwú dúró, ó so àwọn òwú tó já, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé ọ̀gá mi lọ.”

Aṣọ tó ń jáde lára òfì yẹn kò fẹ̀ ju ínṣì 4 sí 6 lọ. Mo gbọ́ tí arábìnrin kan tó ti Èkó wá ń bèèrè bóyá wọn ò tíì hun ún tán ni. Àwọn tó mọ gèlè nìkan ò mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rán an pọ̀ létí-létí kó tó di ìró tàbí agbádá. Bàbá ṣàlàyé fún un, ó sì tún fi etí aṣọ hàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó láti mọ ẹsẹ̀ tó kàn, ká má tíì sọ ti ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní tòótọ́ kó lọ wá ọ̀gá, tàbí kó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn, irú bíi ti Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ, tó ti wà ní Òṣogbo láti 1983. Tàbí kó gba Ìsẹ́yìn lọ, níbi tí òfì ti jẹ́ iṣẹ́ àdúgbò.

Òfì kejì ló mú mi ní ọkàn jù. Òfì obìnrin ni, èyí tó dúró lóòró mọ́ ara ògiri, tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá. Ìyá kan jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, ó ń fi apaṣà gbá òwú wálẹ̀, gbì, gbì, gbì. Aṣọ tirẹ̀ fẹ̀ ju ti bàbá lọ fíìfíì, ó sì nípọn débi pé ẹ lè fi pọn ọmọ títí tí ọmọ yẹn á fi máa sáré. Irú òfì yìí ti wọ́n báyìí, ẹ lè rin àdúgbò kan já láìrí ẹyọ kan. Síbẹ̀ igun ni wọ́n gbé ìyá sí, lẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tó ń darí ètò ò sì dárúkọ wọn rárá. Mo fa àga lọ bá wọn. Wọ́n wò mí lókè-nílẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ nìkan lo ríran láàárín wọn?” Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ́ kí n mú apaṣà, wọn ò wo aago mọ́ mi lórí, wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni owó mi ti jẹ́ owó.

Ibẹ̀ ni ìkòkò aró wà. Tí ẹ bá ń wọlé, ẹ kí wọn ní “Àrẹ̀dú o!” kí ẹ sì wo bí ojú àwọn ìyá ṣe máa tàn. Ìyá Aládìrẹ tó ṣáájú wọn kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó mú ewé èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù róbótó tí wọ́n sì sá gbẹ, ó fún wa ká gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìkòkò tó ní ihò nídìí hàn wá, èyí tí wọ́n ń kó eérú sí tí wọ́n á da omi lé lórí, kí omi eérú lè máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n fi ń rẹ èlú, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí tí á fi kan. Ẹni tí imú rẹ̀ bá le, á ti gbọ́ òórùn yẹn láti ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí aṣọ kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, kì í ṣe aró ni ẹ máa rí. Ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tún fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú pé ìyá ti gba owó wa lásán. Ìyá gbé e sókè sí atẹ́gùn, ó nà án, lójú wa báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í dú láti etí bọ̀ wá sí àárín. Atẹ́gùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nínú ìkòkò, aró ti yọ́ sínú omi, àwọ̀ rẹ̀ ò hàn; ìgbà tó bá fara kan atẹ́gùn ló ń padà di aró tí à ń wò, tí á sì di mọ́ òwú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í bọnú, tí wọ́n ń yọ ọ́ sá, tí wọ́n tún ń rì í padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó dú bí ẹtù gidi, aṣọ òkè aláró tó dú yẹn, gbọ́dọ̀ ní sùúrù rẹ̀.

Ìkòkò kan nìkan ló jẹ́ ti èlú. Inú àgbá oníke ni èkejì wà, aró òyìnbó, kọ́síìkì sódà àti hydros, kẹ́míkà tó ń mú aró yọ́ sínú omi. Ìyá ò purọ́ fún wa, ó ní èyí ni òun fi ń jẹun lójoojúmọ́ torí ó yá, ti ewé sì wà fún ẹni tó bá lè san owó rẹ̀. Mo fẹ́ràn òtítọ́ yẹn. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn olùṣètò pèsè kò kárí. Kọ́síìkì ń bó èèyàn lára, kì í ṣe nǹkan tí à ń fọwọ́ lásán kàn. Wọ́n gba ₦1,500 lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀.

Kí ló sì dé tó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ? Òṣogbo ìlú aró là ń kì í. Ìtàn tí gbogbo ọmọ ìlú gbọ́ dàgbà ni pé igi tí àwọn tó kọ́kọ́ dé gé ló wó sínú odò, tí ohùn kan fi ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ni aláró! Lóṣù kẹjọ ọdún, èrò á rọ́ wá fún ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n á rí igbó tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé láti 2005, wọ́n á padà sílé láìfojú kan ìkòkò aró kan. Àpèjọ tó bá wà ní ìlú yìí tí kò gbé aró síwájú, mi ò mọ ohun tó ń gbé síwájú.

Ohun tí wọ́n gbé síwájú ni ọ̀rọ̀ sísọ. Aṣojú olóṣèlú kan gba ẹ̀rọ, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà títí ìpápánu fi tutù. Ká fò ó.

Ẹ ṣọ́ra níbi àtẹ òwú. Àwọn tó ń tà níbẹ̀ ń pe gbogbo nǹkan ní òwú gidi, ìyẹn cotton. Bàbá kan tó ti ń hunṣọ tipẹ́ bá mi fa fọ́nrán kan yọ, ó ṣá ìṣáná sí i. Òwú gidi á jó kíá, á rùn bí ìwé tó ń jóná, eérú rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ti ọ̀gbẹ́ni yẹn yọ́, ó ká jọ, ó di kókó dúdú líle. Polyester ni, òwú oníke. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun náà ò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe tà á fún òun nìyẹn. Bàbá sì tún kì mí nílọ̀ pé rayon, òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń ti ara igi ṣe, á jó bí òwú gidi, iná nìkan ò lè tú u fó. Kí n fi omi rin ín kí n fà á, torí rayon tó bá tutù máa ń já wẹ́rẹ́, òwú tó bá tutù ló ń le sí i. Lórí àtẹ kan náà, “sányán” wà ní owó pọ́ọ́kú. Sányán, baba aṣọ! Inú ilé tí kòkòrò inú igbó ń hun sára igi ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀, wọ́n á sè é nínú omi eérú kó tó ṣeé ran. Tí ẹ bá sun ún, á rùn bí irun tó jóná. Èyí tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, àwọ̀ nìkan ló fi jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù lọ́jọ́ náà ò sí nínú ètò. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe báàgì crochet mú àjákù aṣọ òkè wá, ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti gé e ló ń tú, tí etí rẹ̀ ń di irùngbọ̀n. Bàbá òfì wò ó.

“Ta ló ní kó o gé e?”

“Ẹ̀yin bàbá, tí mi ò bá gé e, báwo ni mo ṣe fẹ́ lò ó?”

“Rán ojú ibi tó o fẹ́ gé, kó o rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni kó o tó mú sísọ́ọ̀sì.”

Ọmọbìnrin náà yọ ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré rẹ̀, ó ṣe é níbẹ̀, ó dúró. Bàbá wá mú irin crochet ọwọ́ rẹ̀, ó ń yí i wò, ó ní kó kọ́ òun bó ṣe ń mú igun yí láìjá òwú. Àwọn méjèèjì wà lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n fi ń kó àga. Kò sí ibòmíì ní Òṣogbo tí mo mọ̀ tí àwọn méjì yẹn á ti pàdé.

Mo bi bàbá yẹn léèrè ohun tí wọ́n ń fún un fún odidi ọjọ́ tó fi jókòó sídìí òfì. Owó ọkọ̀ ni, pẹ̀lú oúnjẹ. Èyí ò bójú mu. Ìyá Aládìrẹ náà, èlú ara rẹ̀ ló gbé wá. Owó tí à ń san lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí a torí wọn wá ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn.

Tí ẹ bá máa lọ: ẹ wọ aṣọ tí kò dùn yín tí aró bá ta sí i, ẹ mú ìbọ̀wọ́ yín dání, ẹ fi ìṣáná sápò, kí ẹ sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà kí èrò tó pọ̀. Aṣọ tí ẹ bá pa, omi lásán ni kí ẹ fi ṣan án lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tó kó o mọ́ aṣọ mìíràn. Èmi á tún lọ. Tí wọ́n bá gbé ìyá kíjìpá kúrò ní igun, tí wọ́n sì ń sanwó fún àwọn àgbà, wọ́n lè sọ owó ìwọlé di ₦4,000, mi ò ní ná an.