Sáà mẹ́ta tí mo lò nínú líìgì Basketball GM, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba tíìmù nínú irú líìgì yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí ná. Basketball GM, géèmù tẹ́ ẹ ti máa jẹ́ ọ̀gá tó ń darí tíìmù basketball, dáa gan-an, ọ̀fẹ́ ni, orí browser lẹ ti máa gbá a, gbogbo plẹ́yà inú ẹ̀ sì jẹ́ èyí tí géèmù ṣẹ̀dá, kì í ṣe èèyàn gidi. Àwa ọgbọ̀n la kóra jọ sórí Discord, oníkálukú pẹ̀lú tíìmù tiẹ̀, ọ̀gá líìgì ló ń tọ́jú fáìlì, a máa ń fi lineup, ìyẹn orúkọ àwọn tó máa gbá a, ránṣẹ́ sí i kó tó sim, ìyẹn kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbá àwọn géèmù náà, lálẹ́ Tuesday àti Friday.

Sáà àkọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́. Kò sí lọ́tìrì tá a fi ń yan ẹni tó máa kọ́kọ́ mú, tíìmù tó bá gbẹ̀yìn pátápátá ló máa kọ́kọ́ mú plẹ́yà tuntun, ló bá di pé àwọn mẹ́rin ń du ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan mo na tíìmù kan ní point 41, inú mi ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo ṣí box score, àkọsílẹ̀ ohun tí plẹ́yà kọ̀ọ̀kan ṣe: plẹ́yà wọn tó dáa jù, ovr (máàkì tí géèmù fún un) 76, kò ṣèṣe o, ìṣẹ́jú 0. Ọmọ kan tí ovr ẹ̀ ò ju 41 lọ ló gbá ìṣẹ́jú 38. Ẹni tó ni tíìmù ti fi òdo síbi playing time plẹ́yà yẹn. Ayọ̀ yẹn tán lára mi lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni tíìmù yìí kan náà ti nà mí nígbà tó ṣì ń sapá, ẹni tá a sì jọ ń du ipò 8, ipò tó gbẹ̀yìn láti wọ playoffs (ìdíje àṣekágbá), ò tíì bá a pàdé rárá, ẹ̀yìn ìgbà tó jáwọ́ tán ló wá nà án lẹ́ẹ̀mẹta. Géèmù kan péré ló fi jù mí lọ.

Àwa tá a wà ní Houston ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ irú ẹ̀. Ọdún 1984 tí Rockets, tíìmù NBA ti Houston, mú Ọlájùwọ́n wa, owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sókè láàárín tíìmù tó gbẹ̀yìn ní East àti èyí tó gbẹ̀yìn ní West láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú, àwọn èèyàn sì fẹ̀sùn kan Rockets pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù. 1985 ni NBA gbé lọ́tìrì dé. Ẹni tó gbẹ̀yìn ní àǹfààní 25% láti kọ́kọ́ mú tẹ́lẹ̀, lọ́dún 2019 wọ́n yí i padà, àwọn mẹ́ta tó burú jù wá ní 14% ẹnì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ní April 2023 wọ́n ṣì bu owó ìtanràn $750,000 lé tíìmù Dallas torí àwọn plẹ́yà tí wọ́n fi jókòó nígbà tí wọ́n pàdé Chicago.

Lọ́tìrì 2019 yẹn wà nínú settings, òun la lò ní sáà kejì. Ó dínkù lóòótọ́, àmọ́ wọ́n wá ń du bí wọ́n ṣe máa wọ mẹ́ta ìsàlẹ̀. Ọ̀gá líìgì tún fi òfin kan kún un, pé tíìmù tí ò bá jáwé olúborí nínú ogún géèmù lára 82, pick ẹ̀, ìyẹn àyè tó ní láti mú plẹ́yà tuntun, máa lọ sẹ́yìn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá! Ọmọ tuntun kan tó gba tíìmù òfìfo, tí kì í pa sim kankan jẹ, tó ń bi wá ní ìbéèrè lóru, 17 ló rí. Wọ́n gba pick ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kúrò.

Sáà kẹta la wá rí ojútùú, ọ̀dọ̀ PWHL ló sì ti wá, líìgì hockey àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Látìgbà tí tíìmù ẹ bá ti mọ̀ pé òun ò lè dé playoffs mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka point tẹ́ ẹ bá ń rí lórí tábìlì, ẹni tó bá ní jù ló máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tó kú díẹ̀ káàtó lóòótọ́ ló tètè ń já, torí náà géèmù tó ṣẹ́ kù fún un pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Géèmù tiwa kì í ka irú ẹ̀ fúnra ẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀gá líìgì fi ń kà á, a sì fòfin de òdo fún plẹ́yà márùn-ún tó dáa jù tára wọn bá yá, káwọn kan má bàa mọ̀ọ́mọ̀ tètè já. Ní March, tíìmù tó ti já ń bẹ èèyàn fún trade (pàṣípààrọ̀ plẹ́yà) kí wọ́n lè borí! Mo ṣí box score títí, mi ò rí òdo kankan.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tó kù, torí ọmọ tuntun yẹn ni: wọn ò dá pick ẹ̀ padà, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́.