Windows 11 àbí Linux Mint lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù: ẹ yẹ Wáì-fáì wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù á tàn án níwájú yín, Windows 10 á wọlé, ohùn á jáde, gbogbo rẹ̀ á máa dán. Àmọ́ ìtọ́jú Windows 10 ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ohun tẹ́ ẹ máa gbé sórí rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á tán ni kẹ́ ẹ fi dán an wò: Windows 11, tàbí Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows.

Windows 11 ló ṣòro láti gbé sórí ẹ̀rọ. Ó ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò inú ẹ̀rọ), RAM 4GB àti àyè ìfipamọ́ 64GB, kì í sì í sábà gba ṣíìpù (processor) Intel tó bá ṣáájú ìran kẹjọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ tpm.msc, kẹ́ ẹ wò ó bóyá 2.0 ló wà níbẹ̀. Mint ò béèrè TPM rárá. RAM 2GB tó fún un láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ èmi ò ní ra èyí tó bá kéré sí 4GB.

Wáì-fáì gan-an ni wàhálà wà. Bí Windows 11 kò bá ní dráífà (ètò tó ń jẹ́ kó lè lo apá ẹ̀rọ) fún káàdì Wáì-fáì yín, ibi tó ti ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì ló máa dúró sí. Ó ti ṣe mí rí: orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan ò yọ, bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ò sì ṣeé tẹ̀. Mo fi wáyà USB so fóònù mọ́ ọn, mo ní kí fóònù fún un ní dátà, ló bá gbéra. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ fún Mint náà. Níbẹ̀, káàdì Intel kì í sábà yọni lẹ́nu. Káàdì Broadcom ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí ẹ lè ní láti wá dráífà rẹ̀ fúnra yín. Wáì-fáì lẹ ń wá, Wáì-fáì náà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá!

Ibi tí Mint ti borí ni pé ó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú ẹ̀rọ. Níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ tan Wáì-fáì, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ pa ìdérí dé, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa jí. Windows 11 ò fún yín láyè bẹ́ẹ̀.

Káàdì àwòrán Nvidia ńkọ́? Ojú ẹ̀rọ lè ṣú lórí Mint nígbà àkọ́kọ́. Ẹ mú compatibility mode nínú ohun tó máa yọ lójú ẹ̀rọ nígbà tí Mint bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Windows sábà máa ń wá dráífà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi ìtẹ̀ka náà, Windows ló dájú jù fún un. Àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ lè yí ọ̀rọ̀ padà: Windows 11 ò ní ti 32-bit (irú àtijọ́ tó ṣáájú 64-bit), nítorí náà dráífà tó jẹ́ 32-bit nìkan ò ní wọlé.

Èmi o, tó bá jẹ́ ìran kẹjọ sókè tó ní Nvidia, Windows 11 ni. Èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ní Wáì-fáì Intel, Mint. Èyí tó dàgbà tó tún ní Broadcom, ẹ ní kó dín owó rẹ̀ kù, àbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún un.