Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé fún IELTS: àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ orí fóònù tí mo lò

Ẹ̀ka tó dá lórí ilé àti ilé kíkọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ẹ̀kọ́ orí fóònù kan tí mo sanwó fún, èyí tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ fún IELTS, ìyẹn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé ní òkèèrè. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí pé irú rẹ̀ ti pọ̀, ohun tó wà nínú wọn sì sún mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ ra èyíkéyìí nínú wọn lè fi ohun tí mo bá sọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó náwó. Kí n ti sọ ọ́ ṣáájú: owó mi kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó bá gbé ẹ̀kọ́ náà nìkan lọ sí ibi ìdánwò yóò fi máàkì sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, ìdí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Ìbàdàn. Àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ìlú ọba, ìyẹn NMC, ń bèèrè 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn, ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ IELTS kì í bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa. Nínú ìdánwò sísọ, wọ́n lè gbé káàdì kan lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ ṣàpèjúwe ilé kan tí ẹ fẹ́ràn: ibi tó wà, bó ṣe rí, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan lẹ ní láti ronú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin nìkan lẹ máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹni tí kò ní ju "big", "tall" àti "fine" lọ, ọ̀rọ̀ á gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu kí àkókò tó pé. Ohun mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n wa níbẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn, ọ̀rọ̀ tí a ní lẹ́nu, gírámà, àti bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọgbọọgba ni máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ tí a ní lẹ́nu nìkan gba ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé wọn kì í kọ́ni ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ewé igi. Ọ̀rọ̀ àti àwọn tó máa ń bá a rìn ni wọ́n jọ ń gbé wá. Ilé tí iná jó inú rẹ̀ tán tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró, "gutted by fire" ni wọ́n kọ́ wa. Èyí tí wọ́n tún ṣe tó padà dára, "refurbished". Èyí tí wọ́n pa tì tí koríko ti hù nínú rẹ̀, "derelict". Èyí tó rí gàgàrà tó ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ, wọ́n ní ó "towers over" wọn. Bí mo ṣe gbọ́ àwọn wọ̀nyí, Ilé Kòkó ló wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn Ilé Àwòṣífìlà ní Dùgbẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, alájà 26 ni, owó kòkó àti àwọn irè oko mìíràn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà fi kọ́ ọ. Iná jó o ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ wa ló bá ìtàn ilé kan ṣoṣo tí mo ń kọjá níwájú rẹ̀ mu. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tí mo gbàgbé nínú wọn.

Ohùn tó wà nínú rẹ̀ náà dára. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, lẹ́ẹ̀kejì ẹ ó gbọ́ ọ nínú gbólóhùn. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹ̀ka yìí ju bí èèyàn ṣe rò lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé kún fún lẹ́tà tó ń tanni jẹ. "Ch" inú "architect" dún bí k, èyí tó wà nínú "arch" sì dún bí ti "church". A kì í pe n tó wà ní ìparí "column". "Façade" kò ní k nínú rárá, s ni c rẹ̀ ń dún. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ "balcony" àti "concrete" mọ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé ohùn sí.

Apá tó sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò ìkọ́lé, bíi bíríkì, kọnkéré, pákó, gíláàsì àti páànù, kò ní nǹkan púpọ̀ nínú. Ẹ lè parí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ibi tí mo ti jókòó pẹ́ ni ti máàpù àti àwòrán inú ilé. Nínú ìdánwò gbígbọ́, ìbéèrè 40 ló wà, wọ́n pín in sí apá mẹ́rin, apá kejì sì sábà máa ń ní máàpù tàbí àwòrán ilé. Ẹnì kan á máa ṣàlàyé pé yàrá báyìí wà ní ìkọjú sí ẹnu ọ̀nà, pé òmíràn wà ní òpin kọ́ríídọ̀, ẹ̀yin á sì máa fi lẹ́tà sí ibi tó yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé ohùn náà, wọn kì í tún un gbé. Ẹ̀kọ́ yìí fún wa ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lóríṣiríṣi: ilé ìkàwé, ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn ìlú, ọgbà ìṣeré. Wọ́n sì la ohun kan yé wa tó máa ń kó èèyàn sí wàhálà: àwọn ará Britain ń pe ìsàlẹ̀ ní "ground floor", wọ́n sì ń ka èyí tó wà lókè rẹ̀ sí "first floor". Fún ará Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ gan-an ni "first floor". Bí ohùn ará Amẹ́ríkà bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ sì ń ka àjà bíi ti London, ẹ ti ṣi yàrá náà mú.

Fún ìdánwò kíkọ nínú irú IELTS tí wọ́n ń pè ní Academic, wọ́n lè gbé àwòrán méjì kalẹ̀, bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí nísinsìnyí, kí ẹ fi ó kéré tán ọ̀rọ̀ 150 ṣàlàyé ìyípadà tó wáyé, ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Níbí ni "was demolished", "was converted into", "was extended" àti "was replaced by" ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ ṣíṣe tó wà níbẹ̀ tó èèyàn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fi kún ti sípẹ́lì, nítorí pé nínú ìdánwò gbígbọ́, bí ẹ bá fi c kan tàbí m kan sílẹ̀ nínú "accommodation", òdo ni, bó ti wù kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa tó.

Ó wá ku ohun tí inú mi kò dùn sí.

Èkíní, gbogbo ìdáhùn àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ló dá lórí ilé òkèèrè. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ Taj Mahal, ẹnì kan sọ ti Eiffel Tower, ẹnì kan sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní London. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí á há ìdáhùn náà sórí, ẹni tó ń dáni wò á sì mọ̀, torí pé bí wọ́n bá bi í léèrè díẹ̀ sí i, kò ní rí nǹkan kan sọ. Kí ló dé tí a ó fi yá ilé ẹlòmíràn nígbà tí a ní tiwa? Gbọ̀ngàn Màpó wà lórí òkè láti 1929, pẹ̀lú àwọn òpó gbàǹgbà tó wà níwájú rẹ̀. "Perched on a hill", "imposing", "columns": ó bá gbogbo rẹ̀ mu. Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ João Baptista da Costa ni, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, ìtàn àwọn tí a kó lẹ́rú tí ọmọ wọn padà wá kọ́lé sí ìlú baba wọn sì ń bẹ lára ògiri rẹ̀. Ìdáhùn "ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀" ti wà nínú ìyẹn tán. Ẹ lọ wo àwọn ilé ẹ̀ka Humanities ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ya: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. "The upper floors overhang the lower ones" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ẹni tó bá sọ ìyẹn tó sì sọ ìdí rẹ̀ ti kúrò ní ipò ẹni tó ń há ìwé sórí. Bó bá jẹ́ ilé ìbílẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ sọ ti ààfin, ti àgbàlá tí yàrá yí ká, ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Art Institute of Chicago títí di òní. "Carved veranda posts". Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà fún ẹgbàágbèje ọmọ Nàìjíríà yẹ kó ní ó kéré tán ilé kan láti ọ̀dọ̀ wa.

Èkejì ló dùn mí jù. Wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ náà fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àjèjì sí pátápátá. Ìṣòro tiwa kọ́ nìyẹn. A ti ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu láti kékeré, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni wọ́n ń jẹ́ létí ẹni tó ń dáni wò, kò sì sí ojú ewé kan tó kìlọ̀ fún wa. "Gutter" lọ́dọ̀ wa ni ojú àgbàrá ẹ̀gbẹ́ títì; lọ́dọ̀ wọn, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ilé, ohun tó wà létí òrùlé tó ń gba omi òjò ni. Bí bíríkìlà wa bá ní òun fẹ́ ṣe "decking", kọnkéré tó ya ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lókè ló ń sọ; ará Britain á rò pé pákó tí wọ́n tẹ́ sínú ọgbà kí wọ́n lè jókòó gba oòrùn ni. "Duplex" wa jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìdílé kan. Ní Amẹ́ríkà, ilé tí wọ́n pín sí méjì fún ìdílé méjì ni. "Self-contain" kò yé wọn bí a ṣe ń sọ ọ́, "studio flat" ni wọ́n mọ̀. Èyí tó burú jù ni "burglary". Irin ojú fèrèsé là ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò, ìwà ọ̀daràn ni, ìyẹn fífọ́ ilé onílé. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo fèrèsé ilé òun ló ní "burglary" ti sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. "Security bars" ni kó sọ.

Olùkọ́ tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo èyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún un. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Leeds ni. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa sọ face-me-I-face-you fún òyìnbó?" Ó ní kí n má tijú rẹ̀, kí n má sì wá ọ̀rọ̀ àrà tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí n sọ pé "rooms facing each other across a shared corridor", torí pé wọ́n ń fún èèyàn ní máàkì fún mímọ bí a ṣe ń ṣàlàyé ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá sọ fún mi pé ní Leeds lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ilé kan wà tí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ara wọn, ògiri ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n jọ ń lò, kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí ẹ̀yìnkùlé. "Back-to-back" ni wọ́n ń pè é. Mo kọ́ ju bí mo ṣe rò lọ nínú ìjókòó náà, torí pé ó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀, ó sì mọ ibi tí mo ń lọ.

Ní ti owó, ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan lára owó ìdánwò. Ti olùkọ́ ló wọ́n díẹ̀, òun sì ni mo máa sọ pé kí ẹ má yọ kúrò. Bí agbára yín kò bá gbé méjèèjì, ẹ ra ẹ̀kọ́ náà fún ohùn àti máàpù rẹ̀, kí ẹ wá nọ́ọ̀sì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti wà ní ìlú ọba, kí ó máa gbọ́ yín lórí WhatsApp. Ẹ sọ fún un pé kó dá yín dúró ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ bá lò kò bá yé òyìnbó tó wà ládùúgbò rẹ̀.

Ẹ lè gba àwọn ohùn náà sórí fóònù kí ẹ máa gbọ́ wọn láìsí dátà, ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ ní iṣẹ́ òru. Àwọn fídíò ni kò ṣe é gbà sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá iye tí wọ́n pè kan ìjókòó pẹ̀lú olùkọ́, nítorí ojú ìwé tí wọ́n fi ń polówó kò sọ ọ́ kedere, ẹ sì béèrè pé ṣé ẹ lè yan olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà.