Irodori: ibi tí mo ti ń kọ́ èdè Japan lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni mo fi ń kọ́ èdè Japan, Irodori ni. Japan Foundation, àjọ ìjọba Japan tó ń gbé èdè àti àṣà wọn lárugẹ, ló ṣe é fáwọn àlejò tó fẹ́ gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní Japan, ìwé mẹ́ta ni, èyí àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ Starter ní ẹ̀kọ́ 18, ẹ máa dáńlóòdù ìwé àti ọ́díò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Àlàyé ẹ̀ wà lóríṣiríṣi èdè, ti Yorùbá ò sí níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lèmi ń lò.

Ohun tó wù mí jù nípa ẹ̀ ni pé etí ló kọ́kọ́ ń kọ́. Kí wọ́n tó sọ òfin kankan ẹ ti máa gbọ́ èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú àwòrán tó bá ohun tẹ́ ẹ gbọ́ mu, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún un gbọ́ kẹ́ ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ síbi àlàfo. Áàpù kan tí mo ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, gbólóhùn tẹ́nìkan ò ní sọ láéláé ló ń kó fún mi, inú bí mi gan-an.

Ìpè ẹ̀ ò ní fìyà jẹ ọmọ Yorùbá púpọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan fáwẹ̀lì kan ló pọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ kì í sì parí sí kọ́ńsónáǹtì àfi n nìkan, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì fi di basu lẹ́nu wọn tí mílíìkì sì di miruku. Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra ni fífa fáwẹ̀lì, torí obasan ni àǹtí, obaasan ni ìyá àgbà, ẹ fẹ́ pe àǹtí yín lẹ ti sọ wọ́n di arúgbó yẹn! Ohùn náà wà níbẹ̀, ní Tokyo tẹ́ ẹ bá gbé ohùn sókè kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀ nínú hashi, igi tí wọ́n fi ń jẹun ni, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, afárá ni.

Ètò gbólóhùn gan-an ló máa gba sùúrù. Ìparí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń wà. Gohan o tabemasu: gohan ni ìrẹsì, o yẹn ń sọ pé ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ, tabemasu ló wá gbẹ̀yìn. Ta ló ń jẹ ẹ́? Wọn ò sọ, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lẹ máa fi mọ̀. Tabemasu ò sì yí padà, ì báà jẹ́ èmi ni àbí àwa. Ọ̀wọ̀ ló ń yí i, tẹ́ ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ taberu ti tó, ọ̀gá àti ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ló ni masu, masu yẹn náà sì ni Irodori fi bẹ̀rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀ torí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ti kíkọ, iṣẹ́ ńlá ni o. Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀: hiragana 46 tó ń kọ ìró ọ̀rọ̀, katakana 46 tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àyálò bíi basu, àti kanji, ìyẹn àwọn àmì tó ní ìtumọ̀ tiwọn, èyí tí ìjọba wọn kà sí ti ojoojúmọ́ látọdún 2010 sì jẹ́ 2,136. Irodori máa ń kọ hiragana kékeré sórí kanji kẹ́ ẹ lè rí i kà, àmọ́ ẹ kọ́ hiragana dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ inú ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe JLPT, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí àjèjì ṣe gbọ́ èdè Japan tó, á fi ìwé mìíì kún un, torí ìdánwò yẹn kì í ní kéèyàn sọ̀rọ̀ rárá, sísọ̀rọ̀ sì ni Irodori wà fún. Kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó gbọ́ èdè náà tó lè máa tún ọ̀rọ̀ yín ṣe, ọ́díò ò lè sọ fún yín pé ẹ ò pè é dáadáa.